Bí ẹ ṣe lè da Dodge City pọ̀ mọ́ Bang! láì ba eré ọjọ́ Àìkú jẹ́

Ilé wa ní Sùúrùlérè la ti máa ń ta eré káàdì kan tó ń jẹ́ Bang! ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí wọ́n ti jẹun, tí oorun sì ti dá lójú wọn. Ẹni tó bá ti ta Whot rí kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nínú Whot, bí ẹ ṣe máa ju káàdì ọwọ́ yín tán lẹ̀ ń wá, nínú Bang!, ẹ fẹ́ kó pọ̀ lọ́wọ́ yín ni. Òun ni ìbọn yín, òun ni asà yín, òun náà ni ọtí tó ń dá ẹ̀mí padà. Emiliano Sciarra, ọmọ Ítálì kan, ló ṣe eré náà, ọdún 2002 ló sì jáde. Ayé àwọn kọ́bọ́ì Amẹ́ríkà ló bá dé: ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú kan tí gbogbo èèyàn mọ̀, àwọn ọ̀daràn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, àti ìbọn tí kì í sinmi.

Dodge City ni àfikún káàdì rẹ̀ tó jáde ní 2004. Ìlú gidi lorúkọ yẹn. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Kansas, wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní 1872, ọdún tí ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀, àwọn dàràndàràn sì ń da màlúù láti Texas wá kó o sínú rélùwéè. Ẹ wo bí màlúù òkè ọya ṣe ń wọ Oko Ọba ní Agége, kẹ́ ẹ wá fi ìbọn sí ìbàdí gbogbo ẹni tó tẹ̀ lé e. Ẹ ti rí Dodge City nìyẹn.

Ọjọ́ tí mo ra àfikún yìí, mo ya ọ̀rá ara rẹ̀, mo po gbogbo ẹ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀, èèyàn mẹ́jọ jókòó. Agogo mẹ́rin la bẹ̀rẹ̀. Títí di agogo mẹ́fà, ìbéèrè la ń dáhùn, a ò ta nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, tí wọ́n fẹ́ràn eré yìí ju gbogbo wa lọ, gbé Buffalo Rifle, káàdì ìbọn kan, kalẹ̀ síwájú wọn, wọ́n sì nàka sí mi lójú ẹsẹ̀ pé àwọn ti yìnbọn. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ ò lè lò ó báyìí, ó di ìgbà tó bá tún kàn yín." Wọ́n ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì gbè wọ́n, àwọn mẹ́ta gbè mí, ìwé òfin ò sì sí nítòsí torí àbúrò ìyàwó mi ti fi bo ife ẹ̀. Bọ̀dá ju káàdì sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ wo bọ́ọ̀lù. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n kọ́ òun ní Dodge City, ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ni mo máa ń bá a ṣètò. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí gbogbo èèyàn mọ ti àkọ́kọ́ ná

Dodge City ò ṣeé ta lóun nìkan. Ẹ gbọ́dọ̀ ní Bang! fúnra rẹ̀, èyí tó ní káàdì eré 80, ẹ̀dá 16 (àwọn èèyàn inú eré, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára tirẹ̀), àti káàdì ipò méje: Sheriff kan, Deputy méjì tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, Outlaw mẹ́ta tó ń wá bí wọ́n ṣe máa pa Sheriff, àti Renegade kan, ọ̀dàlẹ̀ tó fẹ́ kó ku òun nìkan lórí ilẹ̀. Sheriff nìkan ló ń ṣí káàdì ipò rẹ̀ síta. Àwọn yòókù á máa dọ́gbọ́n.

Bó bá ti kàn yín, ẹ mú káàdì méjì, ẹ lo iye tó bá wù yín, ṣùgbọ́n káàdì tó ń jẹ́ Bang!, ìyẹn ọta ìbọn, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ lè yìn. Bẹ́ ẹ bá parí, iye ẹ̀mí tó kù fún yín ni iye káàdì tẹ́ ẹ lè dì mọ́wọ́. Ẹ da èyí tó lé nù. Ẹ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo agbára Dodge City dúró lé.

Ibi tí àwọn tuntun ti máa ń ṣubú ni ọ̀rọ̀ ìjìnnà. Bọ́sì-sítọ́ọ̀pù ni mo fi ń kọ́ wọn. Ẹ ro Ikorodu Road wò. Ẹ̀yin jókòó sí Fádéyì, ẹni tó kàn yín wà ní Onípàńu, èyí tó tẹ̀ lé e wà ní Palmgrove, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ọbáníkòró. Ìbọn Colt .45 tí gbogbo èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ò lè kọjá Onípàńu. Schofield á dé Palmgrove, Remington á dé Ọbáníkòró. Ẹni tó bá gun Mustang ti ṣí ilé rẹ̀ lọ sí bọ́sì-sítọ́ọ̀pù kan síwájú: ẹni tó fẹ́ yìnbọn lù ú ló máa san owó ọkọ̀ kún un, òun fúnra rẹ̀ ò rìn jù bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ní Scope ní tirẹ̀ mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú, ibi gbogbo fi bọ́sì-sítọ́ọ̀pù kan sún mọ́ ọn. Bí ẹnì kan bá sì kú, wọ́n ti fagi lé bọ́sì-sítọ́ọ̀pù rẹ̀ nìyẹn, àwọn tó kù á wá sún mọ́ra. Apá ọ̀tún tàbí apá òsì, èyí tó bá yá jù lẹ máa kà.

Bí àwọn èèyàn yín ò bá tíì lè ka ìjìnnà láì nàka, ẹ tún ta ti àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì sí i kẹ́ ẹ tó ṣí páálí tuntun. Mi ò fi ìyẹn ṣeré.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ ka káàdì yín, kẹ́ ẹ pín in sí òkìtì

Nínú Dodge City, ẹ máa rí ẹ̀dá 15 àti káàdì eré 40. Ẹ gbé àwọn ẹ̀dá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wá to 40 yẹn sórí tábìlì, kẹ́ ẹ pín in sí òkìtì mẹ́rin. Tí iye yín bá bá tèmi mu, káàdì yín pé.

Òkìtì àkọ́kọ́ ni àwọn tí orúkọ wọn ti wà nínú eré tẹ́lẹ̀, wọ́n jẹ́ 16: Bang! mẹ́rin, Beer méjì, lẹ́yìn náà ẹyọ kọ̀ọ̀kan Missed!, Barrel, Dynamite, Mustang, Remington, Rev. Carabine, Panic!, Cat Balou, General Store àti Indians!. Òkìtì kejì ni àwọn búráùn tuntun (àwọ̀ etí káàdì la fi ń pè wọ́n), mẹ́jọ ni wọ́n: Dodge méjì, Punch, Springfield, Whisky, Tequila, Rag Time àti Brawl. Òkìtì kẹta jẹ́ búlúù méjì péré, Hideout àti Binocular. Ìyókù, 14, etí wọn ní àwọ̀ ewé. Àwọn yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀ nílé wa.

Kẹ́ ẹ tó po ohunkóhun pọ̀, ẹ ra ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi wọ káàdì. Ooru Èkó ò mọ pé láti Ítálì ni káàdì ti wá. Ọwọ́ tó làágùn, ike mínírà tó ń sun omi, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ súyà tán tó ní òun ti fi tíṣù nu ọwọ́: káàdì Bang! mi àkọ́kọ́ ti tẹ̀ bí pọ̀nmọ́ kó tó pé ọdún kan. Ẹ wọn káàdì yín pẹ̀lú rúlà kẹ́ ẹ tó ra ọ̀rá, torí èyí tó bá fẹ̀ jù á máa yọ́ lọ lábẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń po ó. Gbogbo káàdì, ti tẹ́lẹ̀ àti tuntun, ni kẹ́ ẹ wọ ní irú kan náà. Bí èyí tó wọ ọ̀rá bá wà láàárín èyí tí kò wọ̀ ọ́, gbogbo èèyàn á ti mọ èyí tẹ́ ẹ dì mọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé pélébé kan fún ẹni kọ̀ọ̀kan

Lára káàdì Dodge City, àmì àti àwòrán kéékèèké ló pọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á kà á bí ìwé, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa na ọrùn wo káàdì aládùúgbò rẹ̀. Nítorí náà, mo kọ ìtumọ̀ káàdì tuntun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní Yorùbá, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gbé e lọ sí Ṣómólú níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí bí ewé, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí páálí A4, kí wọ́n gé e sí méjì méjì.

Ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà níbẹ̀ rò pé àṣìṣe ni àwọn àmì ohùn tó wà lórí ọ̀rọ̀ mi, ó fi inú rere yọ gbogbo wọn kúrò. Bí mo ṣe gba ìwé tó ní "e fi oko ra" nìyẹn o, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni, bóyá ọkọ ni, bóyá okó ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹ fi PDF ránṣẹ́, ẹ má fi fáìlì tí wọ́n lè tún ṣe. Ẹ sì ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan fún yín wò kí wọ́n tó tẹ ìyókù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, búráùn àti búlúù

Ẹ po òkìtì mẹ́ta àkọ́kọ́ mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Káàdì 106 lẹ máa ní. Ẹ fi aláwọ̀ ewé àti àwọn ẹ̀dá tuntun sínú páálí, kẹ́ ẹ pa á dé.

Búlúù méjèèjì ò le. Hideout jẹ́ àbúrò Mustang, Binocular jẹ́ àbúrò Scope. Ẹni tó bá ní Mustang àti Hideout pọ̀ ti ṣí lọ sí bọ́sì-sítọ́ọ̀pù méjì.

Punch jẹ́ ẹ̀ṣẹ́: ẹni tó jókòó tì yín nìkan ló lè bà. Dodge ń ṣiṣẹ́ bíi Missed!, káàdì tẹ́ ẹ fi ń yẹ ọta, ó sì tún ń fún yín ní káàdì kan, àti yẹ̀ àti èrè. Àwọn márùn-ún yòókù ló ní ìlànà tuntun: ẹ ò lè lo ọ̀kankan nínú wọn láì da káàdì mìíràn nù pẹ̀lú rẹ̀. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé bí owó ọkọ̀ lọ sọ́jà ni. Ẹ̀wù tẹ́ ẹ rí ní Balógun lè pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ wọ dánfó débẹ̀. Ẹ san Springfield pẹ̀lú káàdì kan, ẹ yìnbọn lu ẹnikẹ́ni ní ibikíbi tó bá wà. Ẹ san Whisky, ẹ̀mí méjì padà sára yín. Tequila ń dá ẹ̀mí kan padà fún ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá yàn, tó fi mọ́ ẹ̀yin fúnra yín. Rag Time ń gba káàdì kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Brawl ń mú kí gbogbo àwọn yòókù pàdánù káàdì kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń bí wọn nínú ju ìbọn lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ kan. Ẹ̀mí méjì ló kù fún yín. Whisky, Missed! àti Schofield wà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Remington ti wà níwájú yín. Schofield yẹn ò wúlò mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo ti rí ẹni tó dà á nù lásán ní ìparí torí káàdì lé lọ́wọ́ rẹ̀, tí Whisky sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń sùn. Ẹ fi Schofield san owó Whisky. Ẹ ti di ẹlẹ́mìí mẹ́rin, Missed! ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ohun tí búráùn tuntun wá kọ́ yín nìyẹn: ìdọ̀tí ọwọ́ yín ti di owó.

Àwọn ìbéèrè méjì kan á yọjú, ẹ ti pèsè ìdáhùn sílẹ̀. Èkíní: ṣé Punch àti Springfield wà lára Bang! ẹyọ kan tí òfin fàyè gbà? Rárá. Àmì Bang! wà lára wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe káàdì Bang!, ẹ lè lo gbogbo wọn kẹ́ ẹ sì tún yin Bang! yín lé e. Èkejì: bí ọta bá fẹ́ gba ẹ̀mí tó kù, ṣé mo lè mu Whisky? Rárá. Beer nìkan lẹ lè sáré mu nígbà tí kò kàn yín. Ṣùgbọ́n tó bá ku ẹni méjì péré, Beer ò ní agbára mọ́, Whisky àti Tequila ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ rí i pé Ọlọ́run ò jẹ́ kí ẹyẹ kan ní gbogbo ìyẹ́.

(Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ Àlàájì sọ Beer di sóbò láti ọjọ́ tó ti ń bá wa ta á. "Mo mu sóbò kan." Eré ò bàjẹ́.)

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọjọ́ Àìkú kejì, aláwọ̀ ewé

Ẹ wá po 14 tó kù mọ́ ọn, káàdì di 120.

Káàdì aláwọ̀ ewé dà bí ẹ̀wà àkàrà. Ẹ ò lè dín in lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tẹ́ ẹ ra á. Ẹ máa kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi. Ẹ gbé e kalẹ̀ síwájú yín nígbà tó kàn yín, ẹ fi sílẹ̀. Ìgbà tó bá tún yí kàn yín lẹ tó lè lò ó, tẹ́ ẹ bá sì ti lò ó, ó ti lọ sínú àwọn tí a dà nù. Ẹ lè ní oríṣiríṣi níwájú lẹ́ẹ̀kan, kí méjì wọn má ṣáà ti jẹ́ orúkọ kan náà.

Àwọn tó jẹ́ asà nìkan ló yàtọ̀: Sombrero, Ten Gallon Hat, Iron Plate méjèèjì àti Bible. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ bíi Missed!, Bible sì tún ń fún yín ní káàdì kan lé e. Àwọn yìí, bẹ́ ẹ bá ti parí tiyín, tó ti kan ẹlòmíràn, ẹ lè fi dáàbò bo ara yín. Ẹ̀wà wọn tètè ń wú.

Àwọn tó ń yìnbọn ni Knife, Derringer, Pepperbox, Buffalo Rifle àti Howitzer. Knife àti Derringer ò kọjá ẹni tó jókòó tì yín, Derringer sì ń fún yín ní káàdì kan lé e. Pepperbox á dé ibi tí ìbọn ọwọ́ yín bá dé. Buffalo Rifle ò mọ ìjìnnà. Howitzer jẹ́ àgbá, gbogbo àwọn yòókù ló ń yìn lù. Àwọn mẹ́rin tó kù jẹ́ ti ìrànwọ́: Canteen ń dá ẹ̀mí kan padà, Pony Express ń mú káàdì mẹ́ta wá, Can Can ń ba káàdì ẹnikẹ́ni jẹ́, Conestoga ń gbà á.

Ọgbọ́n tó fòpin sí ìjà Bọ̀dá àti èmi rèé. Ẹni tó bá gbé káàdì aláwọ̀ ewé kalẹ̀ gbọ́dọ̀ fi í sí ìbú. Tó bá parí, kó tó sọ pé ó kan ẹlòmíràn, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i kó dúró lóòró. Káàdì tó wà ní ìbú ò lè ṣiṣẹ́. Ó parí. Ẹnikẹ́ni tó bá na ọwọ́ sí èyí tó ṣì wà ní ìbú, gbogbo tábìlì á ti rí i kó tó lanu.

Ẹ rántí gbólóhùn tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Iye ẹ̀mí ni iye káàdì tó lè wà lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n èyí tó wà lórí tábìlì ò sí nínú ìṣirò yẹn. Nínú Bang! ti tẹ́lẹ̀, ẹni tó ku ẹ̀mí kan ti di ẹni à ń ṣàánú, káàdì kan ṣoṣo ló lè dì mọ́wọ́. Pẹ̀lú àwọn aláwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo rántí ìrọ̀lẹ́ kan tí Bọ̀dá ku ẹ̀mí kan. Ìbọn ti yí wọn ká, gbogbo wa ti ń wo ẹni tó máa pa wọ́n. Wọ́n to Sombrero, Iron Plate, Bible àti Buffalo Rifle síwájú wọn gẹ́gẹ́ bí alátẹ Ìdúmọ̀tà, wọ́n di Beer ẹyọ kan mọ́wọ́, wọ́n fẹ̀yìn ti àga. Ọta mẹ́ta kọ́kọ́ lu fìlà, irin àti Bíbélì. Ẹ̀mí Bọ̀dá ò mì. Nígbà tó kàn wọ́n, Buffalo Rifle fò gba orí èèyàn mẹ́ta kọjá, ó bá Sheriff. A tún bi wọ́n bóyá bọ́ọ̀lù wà ní ọjọ́ yẹn.

Àmọ́ ohun tó wà lórí àtẹ, olè ń rí i. Panic! àti Cat Balou lè mú káàdì aláwọ̀ ewé tó wà níwájú yín. Bẹ́ ẹ bá gbé Howitzer kalẹ̀, ẹ ti kéde fún gbogbo àdúgbò pé ẹ̀ ń bọ̀. Wọ́n á fẹ́ bà á jẹ́ kí òòrùn tiyín tó yọ. Èmi máa ń tọ́jú Howitzer sọ́wọ́ títí mo fi rí i pé ẹni méjì ti ju Cat Balou wọn.

Ẹ máa rí i pẹ̀lú pé Bang! gan-an ti wọ́n. Tẹ́lẹ̀, 25 ni wọ́n nínú 80, bí ọ̀kan nínú mẹ́ta. Báyìí, 29 ni nínú 120, ìyẹn ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ẹni tó bá fi Volcanic ṣe gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀, ìbọn tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ yin Bang! tó bá wù yín, á máa ń rí i pé ọta ń tán lọ́wọ́ òun. Dynamite sì ti di méjì. Bí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ bá ṣí ṣípéèdì láti 2 dé 9, ẹ̀mí mẹ́ta ló lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á kọ́ja sọ́dọ̀ ẹni tó wà lápá òsì. Kí méjì máa yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní fẹ́ kí iná lọ lásìkò yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ Àìkú kẹta, àwọn ẹ̀dá

Ẹ̀dá 16 àti 15, 31 ni. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní méjì kó yan ọ̀kan. Òfin ilé wa nìyẹn, ó sì dára ju kí ẹnì kan jókòó tì ẹ̀dá tí kò yé e.

Mi ò ní ka gbogbo wọn fún yín, ara káàdì ló wà. Èyí tí mo máa ń fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni Pixie Pete, tó ń mú káàdì mẹ́ta dípò méjì, tàbí Sean Mallory, tó lè di káàdì mẹ́wàá mọ́wọ́, tàbí Tequila Joe, tí Beer kan ń fún ní ẹ̀mí méjì. Kò sí ohun tí wọ́n máa gbàgbé níbẹ̀. Greg Digger yẹ fún àwọn tó ní sùúrù: ó kàn jókòó, bí ẹlòmíràn bá kú, ẹ̀mí méjì wọ ara rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ni wọ́n ń pè é ní ajogún òkú.

Belle Star ni mo kórìíra láti bá jókòó. Bó bá ti kàn án, gbogbo ohun tó wà níwájú àwọn yòókù ò ṣiṣẹ́ mọ́. Barrel yín, Mustang yín, Sombrero tẹ́ ẹ ti fi ọjọ́ pípẹ́ rẹ sómi, gbogbo ẹ̀ di àwòrán. Bẹ́ ẹ bá rí i lórí tábìlì, ẹ dín àtẹ yín kù, kẹ́ ẹ di Missed! tòótọ́ mọ́wọ́.

Vera Custer ni kẹ́ ẹ yọ kúrò pátápátá ní ọjọ́ Àìkú kẹta yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà tó bá kàn án, ó ń yan ẹ̀dá ẹlòmíràn kan, ó sì ń lo agbára ẹni náà títí tó fi tún kàn án. Ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ mọ agbára gbogbo ẹni tó wà lórí ìjókòó, àwọn yòókù náà sì gbọ́dọ̀ rántí ẹni tó yàn. Lọ́sẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ẹ lè dá a padà. Ohun tí mo fi mú un rọrùn ni pé mo máa ń gbé nǹkan kékeré kan síwájú ẹ̀dá tó bá yàn. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì náà á ṣe é.

Bí èèyàn mẹ́jọ bá jókòó

Àfikún yìí ló ń jẹ́ kí ẹni mẹ́jọ ta á. Sheriff kan, Deputy méjì, Outlaw mẹ́ta, Renegade méjì. Àwọn Renegade méjèèjì kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn fẹ́ kó ku òun nìkan. Ó gùn, ẹni tó bá tètè kú á sì jókòó lásán fún wákàtí kan. Nílé tiwa, ẹni àkọ́kọ́ tó bá kú ló ń lọ dín dòdò. A máa ń rí dòdò jẹ tán kí eré tó parí. Bẹ́ ẹ bá lọ síta, irú Freedom Park ní Broad Street, kò sí dòdò fún ẹni tó kú, ẹ fi í sí mẹ́fà. Ibẹ̀ nìkan náà ni Jail, káàdì tó ń ju èèyàn sẹ́wọ̀n, ti ń pa mí lẹ́rìn-ín jù, torí ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ kó tó di ibi ìgbafẹ́ ní 2010; ẹni tí wọ́n bá ju Jail lé lórí níbẹ̀, a máa ń sọ fún un pé ó ti délé.

Bí ẹni mẹ́ta péré bá dé

Ọjọ́ kan á wà tí òjò á rọ̀, tí Third Mainland Bridge á dúró gbọnin, tó jẹ́ ẹni mẹ́ta nìkan ló máa dé. Ẹ má kó káàdì padà. Ẹ mú Deputy kan, Outlaw kan àti Renegade kan, ẹ pín in, kẹ́ ẹ ṣí i síta. Deputy ń lé Renegade, Renegade ń lé Outlaw, Outlaw ń lé Deputy. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹni tó ń lé ló borí lójú ẹsẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá gba ẹran yín pa mọ́ yín lọ́wọ́, àwọn méjì tó kù á jà á tán, ẹni tó bá ku sórí ìdúró ló ni ín. Ẹni tó bá sì pa èèyàn mú káàdì mẹ́ta, ẹnikẹ́ni tó wù kó pa.

Káàdì 120 lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, wọ́n á rí àwọn aláwọ̀ ewé yẹn dáadáa. Mo ti rí èyí tó fi ìṣẹ́jú 20 parí, omi òjò ṣì wà ní títì nígbà tí a tún pín òmíràn.